Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Ìgbẹ̀in

Bí wọ́n bá ní "Háú á yú," Mísì Ṣówẹ̀mímọ́ wí,
ẹ má rò pé ìbéèrè ni.
Ẹ má mẹ́nu ba orúnkún,
ẹ má mẹ́nu ba owó ilé.
"Fáìn" ni ìdáhùn, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.
Ó gbọn ẹfun ṣọ́ọ̀kì nù lọ́wọ́.

Àwa mẹ́sàn-án la ká jọ sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé,
orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n,
nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.
Kò sí nínú wa tí kò lẹ́ni lókè òkun.
Tèmi ni Ìbíwùmí. Òháyò ló ń gbé.
Ó ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun
láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi já tíkẹ́ẹ̀tì
ní ibùdó rélùwéè Láfẹ́nwá;
mo gbọ́ gẹ̀ẹ́sì "ẹ wọlé," mo gbọ́ "ẹ bọ́ sílẹ̀."
Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni mo wá kọ́.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé:
Ọwọ́ òsì kò dẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi gbowó, ẹ fi juwọ́ sí àgbà.
Ọmọ ogún ọdún lè pe bàbá àádọ́rin lórúkọ,
ilẹ̀ kò ní mì.
Ẹ wojú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀;
ẹni tó bá ń wolẹ̀, wọ́n á ní ó ń purọ́.
(Màmá Fátókí wolẹ̀ títí a fi ṣíwọ́.)
Ẹ má yà sílé ẹnikẹ́ni láìpè,
bó ti wù kí iṣu tẹ́ ẹ rù wá ó tóbi tó.
Ẹ jẹun, ẹ sanwó oúnjẹ,
kẹ́ ẹ tún sanwó fún ẹni tó gbé e wá.
"Ṣé ọ̀gá rẹ̀ kì í sanwó oṣù ni?" Káfẹ́ńtà Ọdẹ́yalé bi í.
"Ìbéèrè gidi nìyẹn," Mísì wí. "Ẹ ṣáà san án."

Koríko iwájú ilé yín, bó bá ga jù,
ìjọba á kọ̀wé ìtanràn sí yín.
Lóṣù kejì ọdún,
wọ́n á fa ẹranko kan bí òkété jáde nínú ihò,
wọ́n á wọ kóòtù, wọ́n á dé fìlà gíga,
wọ́n á bi í bóyá òtútù ti fẹ́ lọ.
Bó bá rí òjìji ara rẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i.
"Lẹ́yìn náà, ta ló ń jẹ ẹ́?"
"Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Wọ́n á dá a padà sínú ihò."
Ẹ̀rín pa wá. Káfẹ́ńtà lu bẹ́ǹṣì.
Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n tó rántí
pé òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu,
mo sì ti ya fọ́tò ìwé ìrìnnà.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí mo dé kọ̀rọ̀ ilé wa.
Múfútàù fọkanáísà ń lẹ túúbù lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì.
"Bàbá, ẹ kú alẹ́ o. Ara ńkọ́?"
Ìwé ṣì gbóná lábẹ́ apá mi.
"Fáìn," ni mo wí, mo sì kọjá.

Túúbù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
"Bàbá! Kí ló dé? Ta ló ṣẹ̀ yín?
Àbí wọ́n pè yín láti ọ̀hún ni?"
Ó ti sáré fi èékánná gbá eruku orí àpótí nù,
ó ti dì mí lápá mú, ó fi mí jókòó.
Kí ni mo fẹ́ wí? Mo sọ ti orúnkún.
Mo sọ ti òrùlé tó ń jò síbi tí ìyá Ìbíwùmí máa ń sùn sí.
Mo ní ẹ̀rù òtútù ń bà mí, kì í ṣe ti ojú ọjọ́ nìkan.
Ó ń gbọ́, ó ń fi omi wá ihò lára táyà,
ó ń ní "hẹn-ẹn," "hẹn-ẹn,"
títí bátìrì tọ́ọ̀ṣì fi kú.

Mo délé, mo tan àtùpà.
Iṣẹ́ àṣetiléwá ni kí a kọ "fáìn" nígbà mẹ́wàá.
Mo kọ ọ́ dé ìkẹfà.